Kí Sányán Tó Di Àwọ̀ Lásán

Ẹ wo fóònù yín dáadáa. Bí ìgbéyàwó kan bá ń bọ̀ lọ́nà nínú ẹbí, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fi àwòrán aṣọ ẹbí sórí WhatsApp, kó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Sányán la fẹ́ wọ̀ o. Ẹ tètè sanwó." Gbogbo wa a wò ó, a rí àwọ̀ tó dà bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, a ní ó rẹwà, a sì sanwó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í bi alásọ: òwú yìí, níbo ló ti wá?

Ìdáhùn rẹ̀ lónìí kò le. Láti ilé iṣẹ́ ni, inú páálí ló bá dé ọjà. Wọ́n ti fi kẹ́míkà rẹ ẹ́ kó lè jọ sányán. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, aṣọ náà kò ya, kò sì ṣá. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn bàbá bàbá wa, sányán kì í ṣe orúkọ àwọ̀. Orúkọ òwú kan ni, òwú tí kòkòrò kan fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe lórí igi inú igbó. Bí òwú ṣe kúrò lọ́wọ́ kòkòrò bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ni ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn aṣọ ni lójú, ṣùgbọ́n bí a bá tú u dé ìdí, ìtàn igbó ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí igi. Àfòpiná kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe. Oríṣiríṣi ló ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní Anaphe infracta fẹ́ràn ewé igi ìrà, pàápàá ìrà inú igbó tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Bridelia micrantha. Ìbátan rẹ̀, Anaphe venata, ewé arère ló ń jẹ. Ìyá wọn á yé ẹyin sára ewé nígbà òjò, wọn á pa, àwọn ọmọ onírun yìí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kì í ṣe pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ jẹ o. Agbo ni wọ́n. Wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sinmi, bí wọ́n bá sì ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn, wọn á tò tẹ̀lé ara wọn lórí igi bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń wọ kíláàsì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n á mọ̀ ọ́n lára, nítorí irun wọn a máa yúnni gan-an.

Nígbà tí wọ́n bá ti yó tán, tí òjò ń lọ sópin, wọn á ṣe ohun tí kòkòrò sìlíkì ilẹ̀ Ṣáínà kì í ṣe. Ti Ṣáínà, ewé mulberry ni oúnjẹ rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ń kọ́ ilé tirẹ̀. Okùn ilé náà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó lè gùn tó nǹkan bíi kìlómítà kan, wọ́n kàn ń fà á jáde ni. Ti àwa, agboolé ni wọ́n ń kọ́. Gbogbo agbo á para pọ̀ hun àpò ńlá kan, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí awọ ẹ̀pà. Nínú àpò yẹn ni olúkúlùkù á tún wá hun yàrá tirẹ̀ sí. Àpò kan lè gba mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà púpọ̀, ó sì lè gba ọgọ́rùn-ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa wà títí wọn á fi di àfòpiná.

Àpò yìí ni àwọn èèyàn wa ń wá lọ sínú igbó. Nítorí pé okùn inú rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn, kò ṣeé fà jáde bíi ti Ṣáínà. Wọ́n ní láti sè é nínú omi eérú kí gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a, kí wọ́n sì wá fi ọwọ́ ran án bí ẹni ran òwú. Iṣẹ́ obìnrin ni ìrànwú yìí. Ọwọ́ àwọn ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì ló wá ń bọ́ sí lẹ́yìn náà, ní Ìṣẹ́yìn, ní Ọ̀yọ́, ní Ìlọrin àti láwọn ìlú mìíràn. Wọn kì í rẹ ẹ́ láró. Àwọ̀ tí a rí lára sányán gidi, àwọ̀ tí kòkòrò fún un ni.

Ẹ wá ronú sí i: àpò mélòó ló máa tó agbádá kan? Ọjọ́ mélòó ni obìnrin kan máa fi ran án? Ìdí nìyí tí sányán fi gbówó lórí, tó fi jẹ́ aṣọ ọba, aṣọ olóyè, aṣọ ìyàwó àti aṣọ ìsìnkú àgbà. Láàrin àwọn aṣọ òkè mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀, àwọn àgbà fún sányán ní ipò bàbá. Etù dúró lórí òwú tí wọ́n rẹ nínú aró èlú. Àlàárì dúró lórí sìlíkì pupa tó rìnnà jìnnà, tó ti Yúróòpù gba Tripoli, tó bá àwọn ràkúnmí kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà dé Kánò kó tó dé ọwọ́ wa. Ti sányán, inú igbó àti ọ̀dàn ilẹ̀ yìí ló ti wá. Àwọn Hausa náà mọ̀ ọ́n. Tsamiya ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe igi tamarind. Ẹ ò rí i pé lẹ́nu tiwọn, igi àti òwú kò tilẹ̀ pínyà rárá.

Àwọn òyìnbó náà rí i. Ní 1887, wọ́n fi orúkọ Alfred Moloney, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, sọ ọ̀kan nínú àwọn àfòpiná yìí: Anaphe moloneyi. Lọ́dún yẹn kan náà ni Moloney tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Gómìnà ní orúkọ lára kòkòrò. Àwọn obìnrin tó ti ń se àpò rẹ̀ nínú omi eérú kí wọ́n tó bí gómìnà, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju ti orúkọ lọ.

Lásìkò tí Moloney ń kọ̀wé nípa igbó, igbó náà ti ń múra àtilọ. Kòkó ti dé. Àwọn oko kòkó àkọ́kọ́ ti ń hù lẹ́bàá Èkó, lápá Agége. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fi máa dé Ìbàdàn ní 1901, àgbẹ̀ tó wà ní ìgbèríko ti rí ọ̀nà tó lè gbà gbé ẹrù rẹ̀ dé etíkun. Láti Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀, dé Iléṣà, dé Oǹdó, àwọn èèyàn wọ igbó lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Kòkó ló rán àwọn òbí wa níléèwé, kòkó ló kọ́ ilé onípáánù. A ò lè sọ pé kò dáa, àwa fúnra wa wà lára èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n oko kòkó kan, igbó kan ló kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n dá àwọn igi ńlá díẹ̀ sí fún ibòji, wọ́n sì ṣán ìyókù. Igi ìrà tí kò ga, tí kò sì ní orúkọ lọ́jà, kò sí ìdí tí wọ́n á fi dá a sí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gbádùn mọ́ wa jù, nítorí pé àyípadà kan náà tó lé kòkòrò kan kúrò nílé ló kọ́lé fún òmíràn. Kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ kan wà tó dà bíi pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e lára. Ó ti ń gbé jẹ́jẹ́ lórí àwọn igi igbó wa tipẹ́, ó ń fa omi ara wọn mu. Èèrà ń ṣọ́ ọ bí Fúlàní ṣe ń ṣọ́ màlúù, nítorí pé omi dídùn tó ń yà ni èèrà ń jẹ. Àwọn igi kan nínú igbó, bí àràbà, ní fáírọ́ọ̀sì kan lára tí kì í pa wọ́n. Nígbà tí a wá gbin kòkó tí a kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, kòkòrò náà kàn rékọjá ni. Ó gbé fáírọ́ọ̀sì dání. Kòkó kò bá a dàgbà, ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ewé rẹ̀ pọ́n, ó sì kú.

Ní 1936 ni wọ́n kíyè sí àìsàn yìí ní Gold Coast, tó ń jẹ́ Gánà lónìí. Ní 1940, A. F. Posnette fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni. Ní 1938 wọ́n dá ilé ìwádìí kòkó sílẹ̀ ní Tafo nítorí rẹ̀, ní 1944 ni wọ́n sì rí àìsàn náà ní Nàìjíríà. Oògùn kan ṣoṣo tí ìjọba ní ni àdá: ẹ gé e. Ní Gánà nìkan, kòkó tí wọ́n ti gé láti ìgbà yẹn ju igba mílíọ̀nù lọ. Àgbẹ̀ tí igi rẹ̀ ṣì ń so á rí àjèjì tó máa wọ oko rẹ̀ pẹ̀lú àdá, á ní kí wọ́n gé òun náà pọ̀ mọ́ ọn. Inú bíbí lórí gígé kòkó yìí wà lára ohun tó dá rògbòdìyàn Accra sílẹ̀ ní 1948. Ní Ìbàdàn náà, àwọn àgbẹ̀ para pọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Maiyegun, wọ́n ní àwọn ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká tún ìyẹn wò. Kò sí kòkòrò tuntun tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Kòkòrò àtijọ́ ni, fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ ni. Ohun tó yí padà ni ilé tí wọ́n ń gbé. Ewéko àti kòkòrò ti ń bá ara wọn dúnàádúrà láti ayébáyé, bí a bá wá sọ ọjà nù lójijì, ẹnì kan á jèrè, ẹnì kan á wọ gbèsè. Kòkòrò kòkó jèrè. Kòkòrò sányán ló wọ gbèsè.

Arère náà wà níbẹ̀. Igi yìí kò gbé nǹkan nílẹ̀ ju ìrà lọ lójú ahunṣọ, ṣùgbọ́n lójú oníṣòwò pákó, ọba ni. Ó ga, ó tọ́, pákó rẹ̀ fúyẹ́, ó sì mọ́ lára. Obeche lorúkọ tí wọ́n fi ń tà á láti Nàìjíríà, wawa ni ní Gánà, samba ni ní Côte d'Ivoire, ayous ni ní Kamẹrúùnù. Ó wà lára igi tí Nàìjíríà kó ránṣẹ́ sókè òkun jù láyé ìjọba amúnisìn àti lẹ́yìn òmìnira, títí ìjọba fi fòfin de kíkó gẹdú jáde ní 1976. Ṣé ẹ mọ̀ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ní Yúróòpù? Àga inú ilé ìlàágùn, ìyẹn sauna. Bí yàrá náà ṣe gbóná tó, pákó arère kì í jó ìdí ẹni tó jókòó lé e. Ibi tí ọmọ àfòpiná ń gbé jẹun tẹ́lẹ̀, òyìnbó ló jókòó síbẹ̀ tó ń làágùn.

Ibi tí wọ́n ti gé igi, wọ́n gbìyànjú àtigbin òmíràn. Nínú igbó ọba tó wà ní Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gmelina ni wọ́n gbìn, igi tó wá láti Éṣíà, tó ń tètè dàgbà, kí wọ́n lè fi ṣe bébà ní Ìwópin. Lójú ẹni tó ń wò ó láti inú ọkọ̀, igbó ni. Ó tutù, ó dúdú. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ti bá arère àti ìrà rìn láti ìṣẹ̀dálẹ̀ kò kàn lè wọbẹ̀ kó ní òun ti délé. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi kún un pé irú igi kan ṣoṣo náà kì í dá igbó ṣe, kódà bó tó mílíọ̀nù.

Kò wá yẹ ká sọ ìtàn yìí bíi pé kòkòrò náà jẹ́ ańgẹ́lì. Òṣì náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Anaphe venata tó ń jẹ arère, ekùkù ni wọ́n ń pè é, a sì ń jẹ ẹ́. Wọ́n á yan án, wọ́n á sá a, wọ́n á tà á lọ́jà. Ó dùn, ó ń ṣara lóore bí ẹran, owó rẹ̀ kò sì tó owó ẹran. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa àìsàn kan ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tó máa ń dé lásìkò òjò, tí á sì lọ. Ẹni tó gbádùn lánàá á jí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè dúró, á máa rìn bí ẹni tó mutí yó. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí aládùúgbò máa sọ: wọ́n ti ṣe é ni.

Ní 1993, Dókítà Bólá Adámólékún kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé ekùkù ni òun fura sí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn aláìsàn náà ń gbádùn bí wọ́n bá fún wọn ní fítámì B1. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ará Japan rí ìdí rẹ̀: ohun kan wà nínú kòkòrò náà tó ń ba fítámì yìí jẹ́ nínú ara, iná kékeré kì í sì í tètè ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ oríṣiríṣi oúnjẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó jẹ́ pé gààrí àti fùfú ni láàárọ̀ lálẹ́, tí fítámì náà kò pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni ó máa ń gbé ṣubú. Nítorí náà kì í ṣe ayé, kì í ṣe àjẹ́. Oúnjẹ ni, òṣì ni, kòkòrò sì ni. Ẹni tí a bá rí tó ń jẹ ekùkù, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ fún un kó sè é dáadáa, kó má sì jẹ́ pé òun nìkan ni ẹran tó wà nínú ọbẹ̀.

Ní báyìí, igi nìkan kọ́ ló ń kúrò nílẹ̀. Òjò pàápàá kò mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ wa kò nílò ìwé kankan kí wọ́n tó mọ èyí. Ewé tuntun rọ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ sì pọ̀, ewé tó ti gbó le lẹ́nu. Ọmọ kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ní eyín ewé gbígbó. Ó ní láti pàdé ewé ní ọjọ́ tó yẹ. Ní Netherlands, wọ́n wo irú èyí fínnífínní lórí igi óákù: ooru mú kí ẹyin àfòpiná kan máa pa ṣáájú kí ewé óákù tó là, ebi sì ń pa àwọn ọmọ náà kú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn tó ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pa ló ṣẹ́kù láti bímọ, àdéhùn àárín kòkòrò àti igi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bára mu. Wọ́n rí àyè ṣe é nítorí pé igi óákù ṣì wà níbẹ̀. Kòkòrò tí igi rẹ̀ ti di àga sauna, àdéhùn wo ló fẹ́ tún ṣe, pẹ̀lú ta ni?

Ṣé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ tán nìyẹn? A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní igbó Kakamega ní Kẹ́ńyà, ibùdó ìwádìí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní icipe bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ lórí Anaphe panda, ẹ̀gbọ́n sí tiwa. Igi tí wọ́n lò kò jìnnà sílé: Bridelia micrantha, ìrà kan náà tó wà nínú igbó wa. Wọ́n fi àwọ̀n bo ẹ̀ka tí àwọn ọmọ kòkòrò wà, kí ẹyẹ àti kòkòrò apanijẹ má baà kó wọn jẹ, àwọn tó yè sì pọ̀ ju ti orí igi tí kò ní àwọ̀n lọ. Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé ìrànwú àti igbó wọ ìwé ìṣirò kan náà. Ẹni tó bá ń tà sìlíkì á mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ gé igi. Igi tó wà láàyè ti ń mówó wọlé.

Àwọn ahunṣọ wa ṣì wà. Òfì ṣì ń dún ní Ìṣẹ́yìn. Ìrà ṣì ń hù, kódà lẹ́bàá ọ̀nà, bí a kò bá ṣán an. Ohun tó ń kú lọ kíákíá ni ìmọ̀ àwọn ìyá àgbà tó mọ bí omi eérú ṣe ń kan tó, àti bí wọ́n ṣe ń ran òwú náà tí kì í fi í já. Bí ìyá àgbà kan bá wà nílé yín tó ti fọwọ́ kan sányán gidi rí, fóònù tí ẹ fi ń gba àwòrán aṣọ ẹbí yẹn náà lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í léèrè. Ẹ bi í pé igi wo, oṣù wo, igbó wo.

Òwe kan wà tí gbogbo wa gbọ́n dàgbà: bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. A máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àárín èèyàn sí èèyàn nìkan ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fi àwòrán sányán ránṣẹ́ sí wa, àwa máa sanwó, a ò ní torí èyí sá fún ìnáwó ẹbí. Ṣùgbọ́n a máa rántí pé kí aṣọ yìí tó di àwọ̀, ó ti jẹ́ ilé ẹnìkan rí, lórí igi tí àwa la gé e.